Àwo Olójú Mẹ́ta fún Ọmọ Tí Ń Ṣa Oúnjẹ Jẹ

Ọmọ mi obìnrin pé oṣù 26 nígbà tí a ra àwo yìí. Ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, kò sí ohun tí a bù fún un tí kì í jẹ, ṣùgbọ́n bí ó ti ń sún mọ́ ọdún 2 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa oúnjẹ jẹ, títí ó fi ku nǹkan 4 péré tí ó ń gbà lọ́wọ́ wa: ìrẹsì funfun tí ọbẹ̀ kò kàn, búrẹ́dì tí a ti gé èèpo rẹ̀ kúrò, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́, àti funfun ẹyin. Bí kárọ́ọ̀tì kan ṣoṣo bá ṣèèṣì fara kan ìrẹsì náà, àwo ti bàjẹ́ lójú rẹ̀ nìyẹn. Yóò di ẹnu pinpin, yóò sì gbá gbogbo rẹ̀ dà sílẹ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ra àwo olójú mẹ́ta tí a fi sílíkóònù ṣe, èyí tí ìdí rẹ̀ ń fà mọ́ tábìlì, ọ̀sẹ̀ 8 sì ni a ti lò ó kí n tó jókòó kọ ohun tí mo rí.

Ògiri tí ó pín ojú kan sí èkejì ga dáadáa, nítorí náà omi ọbẹ̀ kì í ṣàn bọ́ sórí ìrẹsì, mo sì lè fi oúnjẹ tí kò fẹ́ sí ojú kékeré láìjẹ́ pé ó ba èyí tí ó fẹ́ jẹ́. Èyí ṣe pàtàkì ju bí ó ti jọ lọ, nítorí pé ìbẹ̀rù oúnjẹ tuntun wọ́pọ̀ láàárín ọmọ ọdún 2 sí 6, ó sì lè gbà tó ìgbà 8 sí 15 tí ọmọ yóò máa rí oúnjẹ kan kí ó tó gbà á sẹ́nu. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó ń sọ̀rètí nù ní ìgbà kẹta. Èmi náà ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Kárọ́ọ̀tì sísè wẹ́wẹ́ méjì péré ni mo ń fi sí ojú kékeré náà lójoojúmọ́, n kò sì sọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, kò tilẹ̀ wò ó. Nínú ọ̀sẹ̀ kejì, ó fi ìka tẹ ọ̀kan, ó gbóòórùn ìka náà, ó sì nù ún mọ́ aṣọ rẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan, ó lá a, ó yọ ahọ́n síta bí ẹni tí ó tọ́ oògùn wò, ó sì dá a padà sí ojú tí ó ti mú un, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀sẹ̀ karùn-ún ni ó tó gé e jẹ, tí ó sì gbé e mì. Pé ó ní ibi tí ó lè dá a padà sí dípò kí ó jù ú sílẹ̀, ọpẹ́ àwo náà nìyẹn.

Fífà tí ó ń fà mọ́ tábìlì ni kò tẹ́ mi lọ́rùn tó bẹ́ẹ̀. Lórí tábìlì tí ó ń dán, tàbí lórí pèpéle oníke tí ó wà níwájú àga ọmọdé, ó máa ń dì mú gírígírí bí a bá fi omi díẹ̀ pa ìdí rẹ̀. Lórí igi tí ojú rẹ̀ kò dán, tàbí lórí aṣọ tábìlì, kò lẹ̀ rárá, nítorí pé afẹ́fẹ́ ń ráyè wọ abẹ́ rẹ̀. Wọ́n sì ṣe etí kékeré kan sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tí àgbàlagbà yóò máa fi ṣí i. Ọjọ́ kẹrin ni ọmọ mi rí etí yìí. Ó wò mí lójú, ó ti èékánná bọ abẹ́ rẹ̀, ìrẹsì sì dé ara ògiri. Láti ìgbà náà, ọ̀dọ̀ mi ni mo ń kọ etí náà sí.

Fífọ̀ rẹ̀ kò nira, àfi pé sílíkóònù a máa fa òórùn epo àti ti ọṣẹ mọ́ra. Ọṣẹ tí kò ní òórùn ni mo ń lò báyìí.

Ẹjọ́ tí mo ní gan-an wà lára páálí rẹ̀. Nínú àwòrán tí ó wà níbẹ̀, àwo náà kún dẹ́nu, èso àjàrà odindi sì wà ní ojú kan. Àjàrà odindi lè há ọmọdé lọ́fun. Ṣe ni ó yẹ kí a là á sí mẹ́rin lóròó. Bí ó sì ti kún yẹn, kò sí ọmọ ọdún 2 tí ó nílò rẹ̀: ṣíbí ìjẹun kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan tí ọmọ ti lò láyé, nínú oúnjẹ kọ̀ọ̀kan, ti tó láti fi bẹ̀rẹ̀. Ọmọ tí ìwọ̀n rẹ̀ di ìlọ́po mẹ́ta láàárín ọdún àkọ́kọ́ kì í sábà fi ju nǹkan bíi kílò 2 sí 3 kún un ní ọdún kejì, nítorí náà kò yani lẹ́nu pé ebi kì í pa á bíi ti tẹ́lẹ̀. Òbí tí ó bá fi àwo ọmọ rẹ̀ wé àwòrán yẹn yóò rò pé ọmọ òun kò jẹ nǹkan kan, nígbà tí ọmọ ti yó.

Ìwé pélébé inú páálí náà tilẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ó ní kí a fi súìtì sí ojú kẹta, kí ọmọ má sì fọwọ́ kàn án títí yóò fi jẹ ojú méjì yòókù tán. Mo dán an wò fún ọjọ́ 2. Ohun tí ó kọ́ ọmọ mi ni pé kárọ́ọ̀tì ni ìyà, súìtì ni èrè. Ìlànà tí Ellyn Satter, onímọ̀ oúnjẹ ará Amẹ́ríkà, là sílẹ̀ ni mo padà sí: òbí ni yóò pinnu ohun tí a óò jẹ, ìgbà tí a óò jẹ ẹ́ àti ibi tí a óò ti jẹ ẹ́, ọmọ ni yóò pinnu bóyá òun yóò jẹ, àti bí yóò ti pọ̀ tó. Mo sì dín wàrà màlúù tí ó ń mu láti àárọ̀ di alẹ́ kù, kò ju mìlílítà 500 lọ mọ́, nítorí pé wàrà àmujù a máa pa ebi ọmọ, ó sì lè mú kí èròjà irin dínkù lára rẹ̀. Kí n má parọ́, wàrà tí mo dín kù yìí ṣiṣẹ́ ju àwo náà lọ.

Bí ìjà ilé yín bá jẹ́ ti oúnjẹ tí kò gbọdọ̀ fara kan ara wọn, ẹ rà á. Bí ọmọ bá ń rù, tí oúnjẹ ń há a lọ́fun léraléra, tàbí tí iye oúnjẹ tí ó ń gbà ń dínkù sí i, dókítà ni kí ẹ gbé e lọ bá, kì í ṣe ẹni tí ń ta àwo. Èmi ti ra èkejì, kì í ṣe pé mo fẹ́ràn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, bí kò ṣe pé ọmọ náà kò gbà kí a bu oúnjẹ òun sínú àwo mìíràn mọ́, ọ̀kan sì gbọ́dọ̀ wà lórí tábìlì nígbà tí èkejì bá wà nínú omi.