Sony a6000 fún fótò ojoojúmọ́: ohun tí ojú mi rí lára rẹ̀

Sony a6000 ni kámẹ́rà tí mò ń gbé kiri Ìbàdàn. Kì í ṣe ọmọ àná. Oṣù kejì ọdún 2014 ni wọ́n fi í han ayé, tòkunbọ̀ sì ni tèmi. N kì í ṣe onífótò òde ìgbéyàwó, ẹnikẹ́ni kì í sanwó fún mi. Ohun tí mo bá rí lójú ọ̀nà ni mò ń yà: òrùlé páànù tó ti dógùn-ún nísàlẹ̀ Òkè Màpó, àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìn ilé, ìyá tó ń rẹ́ ẹ̀fọ́ lọ́jà Bódìjà, èmi àtàwọn ọ̀rẹ́ mi nídìí àmàlà. Àwọn tó ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá irú kámẹ́rà yìí ṣì tó ohun tí èèyàn ń náwó lé ni mo kọ èyí fún. Ó tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tó bá kù lọ́wọ́ yín, lẹ́ǹsì ni kí ẹ fi rà, ẹ má fi lé kámẹ́rà tuntun kiri.

Kámẹ́rà ńlá tí àwọn onífótò òde máa ń gbé kọ́rùn ní dígí kan nínú. Dígí yìí ló ń gbé ohun tó wà níwájú lọ sí ihò tí onífótò ń fojú wò. Bó bá tẹ bọ́tìnì, dígí á fò sókè kí ìmọ́lẹ̀ lè ráyè kọjá. Irú ti a6000 kò ní dígí. Ìmọ́lẹ̀ ń gba inú lẹ́ǹsì bọ́ tààrà sórí sẹ́ńsọ̀, ìyẹn ohun tó ń sọ ìmọ́lẹ̀ di fótò, ohun tí sẹ́ńsọ̀ bá sì rí ni ẹ óò máa wò nínú ihò tàbí lójú síkíríìnì ẹ̀yìn. Ẹ ó ti mọ̀ bóyá fótò yín máa mọ́lẹ̀ tàbí á ṣókùnkùn kí ẹ tó yà á. Bí dígí sì ti kúrò níbẹ̀, ara kámẹ́rà á kéré: pẹ̀lú bátìrì àti káàdì, gíráàmù 344 ni, lẹ́ǹsì 16-50mm (bí nọ́ńbà mm bá ṣe ga tó ni lẹ́ǹsì ń fa nǹkan súnmọ́ tó) tí wọ́n sábà máa ń tà pọ̀ mọ́ ọn jẹ́ 116. Àpapọ̀ wọn kò tó ìdajì kílò. Síbẹ̀, sẹ́ńsọ̀ inú rẹ̀, tó ní píksẹ́lì mílíọ̀nù 24.3, tóbi tó ti ọ̀pọ̀ nínú àwọn kámẹ́rà onídígí ńláńlá yẹn.

Kíkéré yẹn ni mo fẹ́ràn jù, kì í sì í ṣe tìtorí pé kò wúwo nìkan. Ẹni tó bá ti gbé kámẹ́rà gàgàrà wọ Dùgbẹ̀ rí á mọ ohun tí mò ń wí. Kí ẹ tó gbé e sójú, ẹnìkan á ti pariwo pé, "Ta ló ní kí ẹ máa yà wá? Ṣé oníwèé ìròyìn ni yín?" Òmíràn á ní kí ẹ kọ́kọ́ mówó wá, àwọn ọmọ gáréèjì á sì ti máa bọ̀ wá béèrè ẹni tó rán yín níṣẹ́. Bí mo bá yọ a6000 jáde, ọ̀pọ̀ èèyàn kì í kà á sí nǹkan kan. Ìyá aláta kan bi mí pé, "Ọmọ mi, kí lo ń fi nǹkan kékeré yẹn wò?"

Mo ní, "Ẹ kú ọjà o, mà. Fótò ni. Ata yín ló wù mí, ṣé kí n yà á?"

Ó ní kí n ṣì dúró. Ó tún gèlè rẹ̀ wé, ó to tàtàṣé rẹ̀ ga sí i, ó wá ní, "Ó yá, yà á dáadáa o, kí wọ́n lè wá rà á." Mo ṣì máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ àgbàlagbà kí n tó yà wọ́n, kámẹ́rà kékeré kò mú ìyẹn kúrò. Àmọ́ ẹni tí ẹ̀rù kò bà ló máa ń gbà wẹ́rẹ́.

Ó tún yára. Ojú 179 ló ní káàkiri sẹ́ńsọ̀ tó fi ń wá ibi tí fókọ́ọ̀sì, ìyẹn ibi tí fótò á ti hàn ketekete, máa dúró sí, bí ẹ bá sì di bọ́tìnì mú, ó lè ya fótò 11 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lónìí náà, ìyẹn ṣì tó láti mú ọmọ tó ń sáré tẹ̀lé táyà, tàbí máíkírà tó kàn yà bàrá síwájú yín láìtan iná. Fókọ́ọ̀sì ẹyinjú ni ọjọ́ orí rẹ̀ ti hàn. Ó lè dá ẹyinjú èèyàn mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ ya bọ́tìnì kan sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ yẹn, kí ẹni tí ẹ̀ ń yà sì dúró jẹ́ẹ́. Bí onítọ̀hún bá ń rìn, kò ní tẹ̀lé e. Àbúrò rẹ̀ a6400, tó jáde ní 2019, ń ṣe èyí fúnra rẹ̀.

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń tà á kì í sọ. Bí ẹ bá fi í sí A (ibi tí ẹ ti ń yan bí ihò lẹ́ǹsì ṣe máa ṣí tó, tí kámẹ́rà ń yan ìyókù), tí ẹ ní kó máa yan ISO (bí kámẹ́rà ṣe máa fi agbára kún ìmọ́lẹ̀ tó) fúnra rẹ̀, bí ẹ bá ti wọnú ilé, ẹ̀bá 1/60 ìṣẹ́jú àáyá ni àkókò tó fi ń gba ìmọ́lẹ̀ wọlé máa ń dúró sí, kò sì sí ibì kankan nínú mẹ́nù tí ẹ ti lè pàṣẹ fún un pé kó má lọ́ra ju 1/250 lọ. 1/60 dára fún bàbá tó jókòó sórí àga. Fún ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń jó, kò dára rárá, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ kò ní hàn ketekete. S, ibi tí èmi fúnra mi ti ń yan àkókò yẹn, ni mo máa ń fi í sí bí mo bá wà lóde àríyá: màá mú 1/250, màá jẹ́ kí ISO lọ ibi tó bá fẹ́ lọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ àwọ̀ ara wa wàyí, torí àgbéyẹ̀wò tí àwọn òyìnbó ń ṣe kì í sábà débẹ̀. Bí kámẹ́rà ṣe ń wọn ìmọ́lẹ̀ ni pé ó gbà pé bí a bá po gbogbo ohun tó wà níwájú òun pọ̀, kò ní funfun, kò ní dúdú, àárín méjèèjì ló máa jẹ́. Ẹ wá mú obìnrin tó dúdú minimini, kí ẹ wọ léèsì funfun fún un, kí ẹ dúró lábẹ́ oòrùn ọ̀sán. Léèsì ló máa gba ibi tó pọ̀ jù nínú fótò. Kámẹ́rà á ní ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á dín in kù. Léèsì á jáde rèǹtè-rente, ojú ẹni tó wọ̀ ọ́ á ṣókùnkùn. Bó bá jẹ́ àdìrẹ aláró ló wọ̀, tí ògiri ẹ̀yìn rẹ̀ náà dúdú, kámẹ́rà á ṣe òdìkejì, ojú rẹ̀ á máa kọ mànà bí ẹni tí wọ́n fi epo pa. Láyé fíìmù, ọ̀rọ̀ náà le jù báyìí lọ. Káàdì tí Kodak fún àwọn ilé ìfọ̀fótò láti fi ṣe òṣùwọ̀n àwọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní Shirley, obìnrin òyìnbó ló wà lórí rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ohun tó gbà mí lára a6000 ni èyí tí mẹ́nù rẹ̀ pè ní Zebra. Ìlà wẹ́wẹ́ á máa sáré lójú síkíríìnì níbikíbi tí ìmọ́lẹ̀ bá ti fẹ́ pọ̀ kọjá ààlà. Mo fi tèmi sí 100. Màá máa fi ìmọ́lẹ̀ kún un díẹ̀díẹ̀ títí ìlà yẹn á fi bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára léèsì, màá wá fà á padà bíńtín. Ibẹ̀ ni ojú ti máa mọ́ tó, tí ihò ara léèsì kò sì tíì parẹ́. RAW (fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì tún ṣe) ni mo sì ń yà, kì í ṣe JPEG (fótò tí kámẹ́rà ti tún ṣe tán) nìkan. Ẹyọ kan tó nǹkan bíi megabáìtì 24, ó ń jẹ àyè lórí káàdì, ṣùgbọ́n bí ISO bá wà ní 100, ohun tó fara pamọ́ sínú òkùnkùn pọ̀ gan-an. Mo lè fa ojú èèyàn jáde lábẹ́ fìlà abetí-ajá lórí kọ̀ǹpútà láìjẹ́ pé ó rí játijàti.

JPEG tirẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ wù mí, ká má parọ́. Lójú tèmi, ó máa ń fa àwọ̀ ara sí yẹ́lò jù, pàápàá lábẹ́ gílóòbù inú ilé. Ẹ lè lọ síbi tí wọ́n ti ń tún àwọ̀ funfun ṣe, kí ẹ tì í díẹ̀ sí apá àlùkò, á dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹni tí kò bá fẹ́ràn jíjókòó ti kọ̀ǹpútà, tó jẹ́ pé bó ṣe yà á ló fẹ́ fi í ránṣẹ́, kó wo àwọn Fujifilm kó tó náwó. Wọ́n mọ àwọ̀ pò.

Lálẹ́ wá ńkọ́, nígbà tí NEPA bá ṣe tiwọn? Lẹ́ǹsì 16-50mm ni ìṣòro níbí, kì í ṣe kámẹ́rà. Nọ́ńbà f/ ló ń sọ bí ihò lẹ́ǹsì ṣe ṣí tó, bó bá ṣe kéré tó ni ihò ń fẹ̀ tó; f/3.5 ni tirẹ̀ máa ń ṣí dé bó bá fẹjú jù lọ. Bí ẹ bá ti fà á dé 50mm, ó ti di f/5.6, ISO á sì gun òkè débi pé fótò á kún fún àmì wẹ́wẹ́ bí iyanrìn. Mo lè fara da a6000 dé 3200. Bó bá kọjá ibẹ̀, n kì í fẹ́ wò ó. Lẹ́ǹsì tó yí ọ̀rọ̀ padà fún mi ni Sigma 30mm f/1.4 tó jáde ní 2016. f/1.4 ń gba ìmọ́lẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún ti f/5.6. Iná àtùpà ìyá oníṣu sísun tó mú mi sá tẹ́lẹ̀ ti wá di ibi tí mò ń wá lọ. Ojú ọlọ́jà á mọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ á rọra ṣú. Ó wúwo díẹ̀, gíráàmù 265, kì í fà súnmọ́, ẹsẹ̀ yín lẹ ó máa fi sún. Kò sì ní ohun tó ń mú ìgbọ̀nrìrì ọwọ́ rọlẹ̀. Kámẹ́rà náà kò ní, nítorí náà ẹ tẹ ìgbọ̀nwọ́ mọ́ra. Bó bá jẹ́ lẹ́ǹsì kan ṣoṣo ni owó yín ká, òun ni kí ẹ rà, kí ẹ fi 16-50mm sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Fíláàṣì kékeré kan wà tó ń yọ sókè lórí rẹ̀. Ẹ fi ìka fà á sẹ́yìn kó kọjú sókè, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ á kọ́kọ́ kan àjà kó tó padà bọ́ sára èèyàn, ìwájú orí ò sì ní máa dán. Àjà funfun nìkan ló bá a mu.

Bátìrì rẹ̀, NP-FW50, kéré. Bí Sony ṣe kà á, fótò 360 ló yẹ kó yà bí ẹ bá ń lo síkíríìnì, 310 bí ẹ bá ń fojú sínú ihò. Ẹ ra èkejì. Ohun tó dùn mọ́ mi ni pé wáyà fóònù àtijọ́, micro-USB, ló ń gba iná. Bí kámẹ́rà bá wà ní pípa, páwà báǹkì lásán á gba agbára sí i, kò dìgbà tí èèyàn bá tan jẹnẹrétọ̀.

Ẹ̀yin tó ń ṣe fídíò, ẹ kọjá lọ. Kò sí ibi tí wọ́n ń ki máíkì sí, 1080p ló mọ, síkíríìnì kì í yí síwájú, ẹ ò sì lè fìka tẹ̀ ẹ́. Kò ní rọ́bà tó ń dí omi àti eruku lọ́nà, nítorí náà bí ọyẹ́ bá dé, n kì í pààrọ̀ lẹ́ǹsì níta. Nígbà tí lẹ́ǹsì bá kúrò, sẹ́ńsọ̀ wà ní ìhòòhò, eruku á lẹ̀ mọ́ ọn, á sì máa yọ bí àmì dúdú lójú sánmà nínú gbogbo fótò.

Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé tí n kò lo fóònù. Lọ́sàn-án, bó bá jẹ́ pé WhatsApp lẹ fẹ́ gbé e sí, fóònù olówó gọbọi kò ní jẹ́ kí ẹ mọ ìyàtọ̀. Ìyàtọ̀ ń jáde bí ilẹ̀ bá ti ṣú, bí ohun tí ẹ̀ ń yà bá ń sáré, tàbí bí ẹ bá fẹ́ tẹ̀ ẹ́ sórí bébà kí ẹ fi kọ́ ògiri. Fóònù máa ń fi ọgbọ́n tirẹ̀ mú kí ojú èèyàn dán bọ̀rọ́, ilà ojú àgbà á fẹ́ẹ̀ parẹ́. Ìyẹn máa ń bí mi nínú.

Nígbà tó jáde, nǹkan bí 800 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà pẹ̀lú 16-50mm. Tòkunbọ̀ rẹ̀ ti wálẹ̀ gan-an, ṣùgbọ́n náírà kò dúró lójú kan, nítorí náà ẹ béèrè ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ṣí mẹ́nù wò. Àwọn tí Sony ṣe fún ọjà ilẹ̀ Japan, èdè Japan nìkan ló wà níbẹ̀, ẹ ò lè yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, irú wọn sì lè bọ́ sí yín lọ́wọ́ nínú ẹrù tòkunbọ̀. Ẹ yọ lẹ́ǹsì, kí ẹ wo sẹ́ńsọ̀ lábẹ́ iná bóyá nǹkan ti ha á. Ẹ tan 16-50mm lẹ́ẹ̀melòó kan kí ẹ rí i pé ó ń yọ jáde láìdún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, torí mọ́tò ló ń tì í. Ẹ ya ògiri funfun ní f/16 kí ẹ gbé e tóbi: bí ẹ bá rí àmì dúdú, eruku ni, ẹ lè fi gé owó. Bátìrì tó bá wú díẹ̀, ẹ má gbà á, ì báà ṣe ọ̀fẹ́.