Omi ilé yín ló máa yan balùwẹ̀ fún yín: ìfiwéra WC, hítà, ẹ̀rọ omi àti táìsì

Ẹni tó bá ti kọ́lé dé orí fíníṣíìnì á mọ̀ pé balùwẹ̀ ń jẹ owó ju bó ṣe tóbi lọ. Yàrá kékeré tí ò ju mítà kan ààbọ̀ sí méjì lọ, àmọ́ púlọ́ńbà, onítáìsì, oníná, gbogbo wọn ló máa ya ibẹ̀, kálukú pẹ̀lú lísìtì tiẹ̀. Àwa náà á wá gba lísìtì yẹn, a ó wọkọ̀ lọ sí Odúnadé ní Orílé Coker, ojú wa á lọ síbi èyí tó ń dán jù, a ó sanwó, a ó gbé e délé, ẹjọ́ á wá bẹ̀rẹ̀. Èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀ rí. Àwọn nǹkan méjì-méjì tí wọ́n máa ń gbé síwájú èèyàn ní ṣọ́ọ̀bù ni mo fẹ́ fi wéra níbí, màá sì sọ èyí tí mo máa mú. Àmọ́ ìbéèrè kan ṣoṣo ló wà nídìí gbogbo ẹ̀: omi ilé yín, báwo ló ṣe ń dé ẹnu ẹ̀rọ?

Ẹ kọ́kọ́ gbójú sókè wo táǹkì

Omi tí ò lágbára ló ń sọ ṣáwà olówó ńlá di ẹni tó ń tutọ́. Gbogbo mítà 10 tí omi bá fi ga ju ẹnu ẹ̀rọ lọ, bar 1 ló ń fún un, bar ni wọ́n fi ń wọn agbára tí omi fi ń tì. Ìyẹn ni pé táǹkì tí ìsàlẹ̀ ẹ̀ bá fi mítà 3 ga ju orí ṣáwà lọ, bar 0.3 péré lẹ ní yẹn. Rain shower tí orí ẹ̀ fẹ̀ bí àwo ìjẹun, ọ̀pọ̀ nínú wọn fẹ́ tó bar 1 kó tó rọ̀ bí òjò tí wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló tún le jù, torí táǹkì tó ga dáadáa fún ìsàlẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ṣáwà òkè dọ́gba. Tó bá jẹ́ pé bí tiyín ṣe rí nìyẹn, ẹ lè ra pọ́ǹpù tó ń ti omi, ẹ sì lè ra ṣáwà ọlọ́wọ́ kékeré kẹ́ ẹ máa bá ayé yín lọ. Èmi á mú ṣáwà ọlọ́wọ́ o. Iná tó ń lọ tó ń bọ̀ yìí ò yẹ kó jẹ́ òun ló máa pinnu bóyá mo máa rí omi ṣan ọṣẹ kúrò lójú.

WC: S-trap àbí P-trap

Ibí lojú mi ti là. S-trap ni èyí tí ẹnu ẹ̀ tó ń kó ìgbẹ́ jáde dojú kọ ilẹ̀, P-trap ni èyí tó kọjú sí ògiri ẹ̀yìn. Tẹ́ ẹ bá gbé méjèèjì kalẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù láti iwájú, ẹ ò lè mọ̀yàtọ̀, ẹ gbọ́dọ̀ yí i kẹ́ ẹ wo ẹ̀yìn ẹ̀. Èmi ò yí i. Mo ra èyí tó wù mí, mo gbé e lọ sí sáìtì, púlọ́ńbà wò ó, ó wo ògiri, ó ní "Ẹ̀gbọ́n, ihò yìí ò wo ihò yẹn o." Páìpù mi wà nínú ògiri, ẹnu WC wo ilẹ̀. Mo pe ẹni tó tà á, ó ní àwọn kì í gba ọjà padà. Ni púlọ́ńbà bá wá bẹ́ńdì kan so ó, ó so lóòótọ́, ṣùgbọ́n WC ti kúrò lára ògiri tó bẹ́ẹ̀ tí ilẹ̀kùn fi ń gbá imú ẹ̀. A yọ ilẹ̀kùn, a yí i kó máa ṣí síta. Títí dòní, ẹni tó bá ń kọjá ní kọ́rídọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra ẹ̀.

Nítorí náà, ẹ wo ibi tí páìpù wà kẹ́ ẹ tó kúrò nílé. Tó bá jẹ́ S-trap, ẹ wọ̀n ọ́n láti ara ògiri dé àárín ihò, sẹ̀ǹtímítà 30 ló wọ́pọ̀, kẹ́ ẹ sì rántí pé táìsì àti sìmẹ́ǹtì ẹ̀yìn ẹ̀ á ṣì jẹ bíi 2 sí 3 nínú ẹ̀. Àwọn tó máa ń wọ̀n kí táìsì tó gun ògiri ni wọ́n máa ń padà wá bínú sí púlọ́ńbà.

Ìfiwéra tó kàn ni washdown àti siphonic, ọ̀pọ̀ ọlọ́jà ò tiẹ̀ ní dárúkọ ẹ̀ fún yín. Washdown, omi ń ti ẹrù lọ ni, ọ̀fun ẹ̀ fẹ̀, omi tó wà nínú ẹ̀ kéré, ó máa ń pariwo, ẹ sì máa ń lo búrọ́ọ̀ṣì sí i dáadáa. Siphonic, omi ń fà á lọ ni, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́, omi inú ẹ̀ fẹ̀ nílẹ̀ lọ rẹrẹ, ó mọ́ lójú, ṣùgbọ́n ọ̀fun ẹ̀ tóóró. Níbi tí omi ti ń yọ gbẹ̀ẹ́ láti inú táǹkì lójoojúmọ́, siphonic ń fi ẹwà hàn. Lọ́jọ́ tí bóhóòlù bá bàjẹ́ tẹ́ ẹ wá ń fi bókẹ́ẹ̀tì da omi sí i, washdown lẹ máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀, torí ìdajì bókẹ́ẹ̀tì tẹ́ ẹ bá dà lẹ́ẹ̀kan náà ti gbé e lọ. Ilé wo ni ọjọ́ yẹn ò ní dé?

Oníbọ́tìnnì méjì tó ń lo líta 3 fún ìtọ̀, líta 6 fún ìgbẹ́, dáa gan-an fún ẹni tó ń fi owó fa omi. Two-piece tó ní táǹkì lọ́tọ̀, tí apá kan bá fọ́ ẹ lè wá apá yẹn nìkan, one-piece rọrùn láti nù torí kò ní kọ̀rọ̀, àmọ́ tó bá sán, gbogbo ẹ̀ ló lọ. Èyí tí wọ́n ń kọ́ sára ògiri tí táǹkì ẹ̀ wà nínú ògiri, ó dà bíi hòtẹ́ẹ̀lì, ilẹ̀ abẹ́ ẹ̀ sì rọrùn láti gbá. Kẹ́ ẹ tó rà á, ẹ béèrè ẹni tó ń ta páàtì ẹ̀, torí láti ojú ihò bọ́tìnnì kékeré yẹn ni púlọ́ńbà á ti máa ki ọwọ́ bọ̀ ọ́.

Hítà: instant àbí èyí tó ń tọ́jú omi

Instant kéré, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbàyè, ẹ ò ní dúró dè é. Ó ku iná ẹ̀. Èyí tó ń jẹ 3.5kW ń fa bíi ampere 16, sọ́kẹ́ẹ̀tì 13 lásán ò lè gbé e, wáyà tó nípọn tó ti bíríkà wá ló fẹ́. Ìnfátà 3.5kVA ò lè gbé e, jẹnẹrétọ̀ kékeré tí wọ́n ń pè ní "I better pass my neighbour", ẹ má tiẹ̀ dán an wò. Agbára yẹn náà ò sì mú ju bíi líta 3 gbóná níṣẹ̀ẹ́jú kan lọ, tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí omi kúrò ní 25 dé 40 dígírì. Líta 3 ní àárọ̀ ọyẹ́ kéré o, ẹ̀yìn á gbóná, àyà á máa gbọ̀n.

Èyí tó ń tọ́jú omi, 1.5kW ni púpọ̀ nínú wọn, bíi ampere 7. Onílíta 15 máa lo bíi ìṣẹ́jú 25 kó tó gbóná dé 60, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá lú u mọ́ omi tútù á di bíi líta 35 omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, èèyàn kan wẹ̀ ẹ́ dáadáa, èèyàn méjì tí ò fi nǹkan ṣòfò náà wẹ̀ ẹ́. Ó wúwo, ògiri gbọ́dọ̀ gbé e. Tí wọ́n bá mú iná lọ lẹ́yìn tó ti gbóná, omi yín ṣì wà níbẹ̀ fún wákàtí mélòó kan, ohun tó sì jẹ́ kí n mú un nìyẹn. Ẹni tó bá wà ní Band A, tí wọ́n ṣèlérí wákàtí 20 lójúmọ́ fún, tí omi ẹ̀ sì lágbára, lè ra instant láìbẹ̀rù. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń gbé omi kaná lórí gáàsì, mi ò bá yín jà.

Èyíkéyìí tẹ́ ẹ bá mú, páìpù omi gbígbóná gbọ́dọ̀ jẹ́ PPR, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ gbígbóná jó pọ̀, kì í ṣe PVC funfun tí wọ́n ń fi gọ́ọ̀mù lẹ̀. PVC máa ń rọ̀ tí omi bá ti ń sún mọ́ 60 dígírì, inú ògiri ló sì ti máa jò.

Ẹ̀rọ omi: idẹ àbí síǹkì

Níta, ìkan náà ni wọ́n, gbogbo wọn ń dán bíi dígí. Ẹ gbé e lọ́wọ́: idẹ wúwo ju síǹkì lọ. Ẹ wo inú ojú ìdí ẹ̀ níbi tí kírómù ò dé, idẹ á pọ́n rẹ́súrẹ́sú, síǹkì á dúdú bí eérú. Ẹ má fi mágínẹ́ẹ̀tì dán an wò, torí kò ní mú ìkankan nínú méjèèjì. Ti síǹkì tí mo kọ́kọ́ rà, kò pé ọdún kan tí awọ ẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í bó bí ẹja tí wọ́n ń họ ìpẹ́ lára ẹ̀. Stainless 304 náà dáa, tó bá jẹ́ pé 304 ni lóòótọ́.

Inú ẹ̀ ńkọ́? Onírọ́bà àtijọ́ tẹ́ ẹ ó yí lẹ́ẹ̀mẹrin kó tó tì, rọ́bà ẹ̀ ò wọ́n, ọmọ iṣẹ́ púlọ́ńbà lè pààrọ̀ ẹ̀. Oníkátírìjì tí wọ́n kàn ń gbé ọwọ́ ẹ̀ sókè rọrùn, pàápàá fún àgbà tí ìka ń dùn, ṣùgbọ́n yanrìn bóhóòlù ni ọ̀tá ẹ̀, tó bá sì bàjẹ́ ẹ gbọ́dọ̀ mú ti àtijọ́ lọ sọ́jà kí wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí oní-35 milimítà ò wọ oní-40. Ẹ fi fílítà sẹ́nu páìpù táǹkì, ẹ ó jèrè ẹ̀.

Bátọ́ọ̀bù àbí ilẹ̀ pẹrẹsẹ

Mi ò ní pẹ́ níbí. Bátọ́ọ̀bù gba bíi líta 150, bókẹ́ẹ̀tì oní-20 méje ààbọ̀ nìyẹn fún ìwẹ̀ ẹyọ kan. Mo ti wọ ilé púpọ̀ tí wọ́n ti ń kó aṣọ ìdọ̀tí àti kẹ́ẹ̀gì sínú ẹ̀. Ilẹ̀ pẹrẹsẹ tó da ara ẹ̀ sí ọ̀nà omi, sẹ̀ǹtímítà 1 sí 2 nínú mítà kan, ló bá wa mu. Kẹ́ ẹ sì fi ẹ̀rọ kan sílẹ̀ níbi gíga orúnkún fún bókẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí ìyá mi kọ́kọ́ wá kí mi, mo ṣí ṣáwà fún wọn, mo ṣàlàyé tútù, mo ṣàlàyé gbígbóná, wọ́n gbọ́ ọ tán, wọ́n ní "O ṣé, ọmọ mi. Bókẹ́ẹ̀tì dà?"

Táìsì: ceramic àbí porcelain, dídán àbí àìdán

Ẹ dojú ẹ̀ délẹ̀, ẹ kán omi sí ẹ̀yìn ẹ̀. Ti ceramic ògiri á mu omi yẹn lójú yín, ti porcelain á jẹ́ kó jókòó síbẹ̀, torí ohun tó ń mu nínú omi ò ju ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún (0.5%) ìwúwo ẹ̀ lọ. Ògiri ò nílò porcelain, ẹ fowó yẹn pamọ́ fún ilẹ̀. Ilẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ àìdán tó ṣe gírígírí lábẹ́ ẹsẹ̀, èyí tí wọ́n bá kọ R10 tàbí R11 sí lára. Onítáìsì á sọ pé dídán ló ń jẹ́ kí yàrá tàn, òótọ́ ni, àmọ́ ìbàdí àgbà tó bá ṣubú níbẹ̀ kì í tètè san. Kò dìgbà tó bá jẹ́ ti Spain o, wọ́n ń ṣe porcelain ní Ṣágámù níbí, CDK ló ń ṣe é.

Bóhóòlù tí omi ẹ̀ bá ní ìdógùn-ún, ẹ má fi sìmẹ́ǹtì funfun dí àárín táìsì. Láàárín oṣù mẹ́ta á ti pọ́n bí eyín ẹni tó ń jẹ obì, áásìdì tẹ́ ẹ bá sì fi fọ̀ ọ́ á tún ba kírómù ẹ̀rọ jẹ́. Grout aláwọ̀ eérú ni kẹ́ ẹ rà, WC náà kó jẹ́ washdown tí búrọ́ọ̀ṣì ń dé gbogbo ibẹ̀.

Ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín: balùwẹ̀ mítà 1.5 sí 2.1, tẹ́ ẹ bá lẹ ògiri dé mítà 2.4, tẹ́ ẹ yọ ẹnu ọ̀nà, ó jẹ́ bíi mítà 15.7 níbùú-lóròó. Ẹ fi ìdá mẹ́wàá kún un fún gígé àti fífọ́, ó ń lọ sí páálí 12 tí páálí kan bá kó 1.44. Kẹ́ ẹ tó lẹ̀ ẹ́, tó bá jẹ́ òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹ dí ihò omi, ẹ bu omi sílẹ̀ kó sùn síbẹ̀ di ọjọ́ kejì, ẹ lọ wo sílíìnì ìsàlẹ̀.

Kẹ́ ẹ wá ra páálí kan lé e, kí nọ́ńbà tó wà lára gbogbo páálí bára mu, torí bí wọ́n bá tún ṣe òmíràn, àwọ̀ ẹ̀ kì í bá ti tẹ́lẹ̀ mu mọ́. Tèmi wà lábẹ́ àtẹ̀gùn, mo ti yọ mẹ́ta lò nínú ẹ̀.