Ram 3500 oní-Cummins: ohun tí mo rí nínú fífa mọ́tò lọ sí èbúté

Ìbéèrè tí àwọn ará wa ní Houston níbí máa ń bi mí jù ni pé píkọ́ọ̀pù wo ló lágbára jù láti fi fa ẹrù, ohun tí etí wọn sì ń dúró dè ni iye horsepower, ìyẹn agbára ẹ́ńjìnnì. Èmi kì í tibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, kí wọ́n ka ìwé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ férémù rẹ̀, nítorí kí ẹ́ńjìnnì tó rẹ̀, ẹ̀yìn ọkọ̀ á ti tẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni kíkó mọ́tò tí àwọn ènìyàn wa rà ní gbàǹjo lọ sí èbúté Galveston, níbi tí wọ́n ti ń wà á wọ inú ọkọ̀ ojú omi tó ń lọ sí Èkó. Camry, Corolla, Highlander, Sienna, Lexus RX, àwọn tí ẹ mọ̀ náà ni. Dallas ni mo ti ń kó èyí tó pọ̀ jù, màá gba I-45 bọ̀, nǹkan bí 240 máìlì dé Houston, ó sì tún ku bíi 50 kí n tó kan òkun. Ọkọ̀ tí mo fi ń ṣe é ni píkọ́ọ̀pù Ram 3500 ọdún 2019, onílẹ̀kùn mẹ́rin, four-wheel, èyí tó ní táyà mẹ́rin lẹ́yìn tí wọ́n ń pè ní dually. Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ni dísẹ́ẹ̀lì Cummins lítà 6.7, High Output, èyí tó lágbára jù nínú irú rẹ̀, gíà rẹ̀ sì ni Aisin onípele mẹ́fà. Àlòkù ni mo rà á.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò. Lára férémù ilẹ̀kùn mi, 14,000 pọ́n-ùn ni wọ́n kọ: ọkọ̀ fúnra rẹ̀ àti gbogbo ohun tó bá gùn ún kò gbọdọ̀ wúwo ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo rọ epo kún un, mo jókòó sínú rẹ̀, mo wà á gun òṣùwọ̀n CAT Scale ní ibi tí àwọn onítírélà ti máa ń sinmi. Ó lé díẹ̀ ní 8,600. Ẹ yọ ìyẹn kúrò nínú 14,000, ó ku nǹkan bí 5,400. Gbogbo ohun tí ẹ̀yìn rẹ̀ lè gbé nìyẹn. Ìpolówó ọdún 2019 ní Ram 3500 lè fa 35,100. Irọ́ kọ́ ni, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tí wọ́n dìídì tò fún un ló lè fà á. Tírélà gooseneck, irú tí mo ń lò, tí ọrùn rẹ̀ ń jókòó sí àárín ẹ̀yìn píkọ́ọ̀pù, máa ń gbé nǹkan bí ìdá márùn-ún ìwọ̀n rẹ̀ lé ẹ̀yìn ọkọ̀ tó ń fà á. Ẹ pín 35,100 sí ọ̀nà márùn-ún, 7,000 ni yóò jókòó lé ẹ̀yìn tí kò lè gbé ju 5,400 lọ.

Ohun tí mo ń fà gan-an ńkọ́? Tírélà mi lófìfo tó 7,000. Camry kan, Highlander kan àti Sienna kan á fi nǹkan bí 12,000 lé e. Ìdá márùn-ún 19,000 kò tó 4,000, ẹ̀yìn gbà á, ààyè sì kù fún ṣéènì, jáàkì, táyà àgbékún àti irinṣẹ́. Cummins lítà 6.7 wà nínú Ram 2500 náà, á sì fa ẹrù yẹn kúrò nílẹ̀ láìjanpata, ṣùgbọ́n 10,000 ni wọ́n kọ sára 2500, ohun tó sì máa ń ṣẹ́ kù fún ẹ̀yìn onídísẹ́ẹ̀lì lẹ́yìn ìṣirò sábà máa ń wà láàrin 2,000 sí 3,000. Mo máa ń rí wọn lójú ọ̀nà, tí ẹ̀yìn ti tẹ̀, tí iná iwájú ń wo ojú ọ̀run. Ẹ má ṣe é. Ọ̀rọ̀ òfin náà tún wà níbẹ̀: bí ìwọ̀n tí wọ́n kọ sára ọkọ̀ àti ti tírélà lápapọ̀ bá ju 26,000 lọ, tí ti tírélà nìkan sì ju 10,000 lọ, CDL kíláàsì A, láísẹ́ǹsì àwọn awakọ̀ ńlá, ni ẹni tó ń fi í ṣòwò gbọdọ̀ ní. Àwọn ará wa tó ń fi láísẹ́ǹsì lásán ṣe é pọ̀, ọjọ́ tí jàǹbá bá sì ṣẹlẹ̀, ìṣúráǹsì kò ní dá wọn lóhùn.

Gooseneck yàtọ̀ sí tírélà tí a so mọ́ abẹ́ báńpà. Àárín bẹ́ẹ̀dì ni bọ́ọ̀lù rẹ̀ wà, lókè ibi tí táyà ẹ̀yìn wà gẹ́lẹ́, nítorí náà ẹrù ń jókòó lé ọkọ̀ lórí, kò máa fà á nírù. Bí ọkọ̀ ńlá onítáyà méjìdínlógún bá ré mi kọjá lórí I-45, atẹ́gùn rẹ̀ tó máa ń ju píkọ́ọ̀pù kékeré síhìn-ín sọ́hùn-ún kì í ṣe tèmi ju kí ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n lára sítíárìnì lọ.

Ibi tí mo ti mọ rírì ọkọ̀ yìí jù lọ ni òkè Monteagle ní Tennessee, lórí I-24, nígbà tí mo kó mọ́tò láti Nashville lọ sí èbúté Brunswick ní Georgia. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ náà le, ó tó ìdá mẹ́fà nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ìjọba fi la ojú ọ̀nà olókùúta wẹ́wẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ fún ọkọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ bá kọ̀. Kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ ni mo ti tẹ bọ́tìnnì exhaust brake, èyí tó ń fi èéfín ẹ́ńjìnnì dín eré ọkọ̀ kù. Turbo, ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn wọ ẹ́ńjìnnì, pa ọ̀nà èéfín dé díẹ̀, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í di ara rẹ̀ mú, ohùn kan ń kùn hùn-ùn-ùn lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Gíà ń já ara rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mọ́tò mẹ́ta wà lẹ́yìn mi, síbẹ̀ ẹsẹ̀ mi kò kan bíréèkì ju fẹ́ẹ́rẹ́ lọ. Nígbà tí mo dúró ní ìsàlẹ̀, mo fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ríìmù, ooru rẹ̀ kò tó nǹkan. Píkọ́ọ̀pù mìíràn tó páàkì níwájú mi, òórùn bíréèkì rẹ̀ tó ti jó gba gbogbo ibẹ̀ kan. Àwọn tó ń ṣe fídíò àfiwé máa ń fi bí ọkọ̀ ṣe ń gùnkè hàn wá. Bó ṣe ń sọ̀ ni kí wọ́n máa fi hàn wá.

Ní ti àlòpẹ́, ó ti kọjá 200,000 máìlì, a kò sì tíì ṣí orí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ rí. Sílíńdà mẹ́fà tó tò ní ìlà kan ṣoṣo ni Cummins ní, kò sì ní ṣéènì táímìnì, gíà irin ló ń yí káńṣáfútù rẹ̀, ọ̀pá tó ń ṣí fáfù ẹ́ńjìnnì, nítorí náà kò sí ṣéènì tó máa nà tàbí tó máa já. Ọ́ìlì kúọ́ọ̀tù 12 ló ń gbà. Ìwé ọkọ̀ gbà kí a pààrọ̀ rẹ̀ ní 15,000 máìlì, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó ń fa ẹrù lójoojúmọ́ nínú oòrùn Texas, mi ò jẹ́ kó kọjá ìdajì ìyẹn. Fílítà dísẹ́ẹ̀lì méjì ló ní, ọ̀kan nínú bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọ̀kan lábẹ́ ọkọ̀, èyí tó wà lábẹ́ ni àwọn ènìyàn kì í rántí. Tí mo bá sì ti ibi ẹrù wúwo dé, màá jẹ́ kó máa dún díẹ̀ kí n tó pa á, kí turbo lè tutù.

Táyà tírélà ló ń ná wa lówó ju ọkọ̀ lọ. Ṣọ́ọ̀bù kan ta mẹ́rin fún mi pé tuntun ni wọ́n, eyín wọn sì jin lóòótọ́. Ọ̀kan bẹ́ lórí I-10, ó fa mọ́dígáàdì ya dànù. Dually kò yẹ̀ lójú ìlà rẹ̀, mo rọra jù ú sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà. Nígbà tí mo tan iná fóònù sí ara àwọn mẹ́ta tó kù, ohun tó wà ní ìparí nọ́ḿbà DOT tí wọ́n tẹ̀ sára wọn ni 2216: ọ̀sẹ̀ kejìlélógún ọdún 2016 ni wọ́n ṣe wọ́n. Rọ́bà ti gbó kó tó kan ilẹ̀. Ẹ ka nọ́ḿbà mẹ́rin yẹn kí ẹ tó sanwó.

Bí ẹ bá rà á láìní ẹrù tí ẹ ó máa fi í fà, á sú yín. Súpíríìnì rẹ̀ le, bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn, gbogbo kòtò ni ẹ̀yìn yín á kà. Kò wọ ibi ìfọkọ̀. Lófìfo, gálọ́ọ̀nù kan ń gbé mi dé bíi máìlì 17, bí ẹrù bá kún, 9 sí 10. Bákan náà ni gbogbo dísẹ́ẹ̀lì tuntun Amẹ́ríkà, ti ẹnikẹ́ni ì báà jẹ́, ṣe ní DPF tó ń gba èédú inú èéfín, tó sì ní láti rin ọ̀nà jíjìn gbígbóná kó tó lè jó o dànù. Ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò ju ilé sí ọjà lọ, DPF rẹ̀ á dí, owó tó máa fi tún un ṣe á sì dùn ún. DEF náà wà, yúríà àti omi tó ń bá a fọ èéfín, tí a gbọ́dọ̀ máa rọ sínú táǹkì tirẹ̀. Bó bá tán, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ kò ní jẹ́ kó sáré mọ́.

Mo ti wa F-350 onílítà 6.7 ti ọ̀rẹ́ mi, mo sì ti wa Silverado 3500 oní-Duramax tó ní gíà Allison onípele mẹ́wàá. Ford tètè gbéra ju tèmi lọ. Ti Silverado, ẹ kò ní mọ ìgbà tí gíà rẹ̀ yí. Màá fi èyíkéyìí nínú wọn ṣiṣẹ́. Ohun tó dá mi dúró sọ́dọ̀ Cummins ni pé ínjẹ́kítọ̀ mẹ́fà ló ní dípò mẹ́jọ, ọwọ́ mẹkáníìkì sì ń tètè dé ara rẹ̀, owó iṣẹ́ kì í tó ti V8.

Àwọn tó ń pè láti Ìbàdàn àti Èkó pé kí n bá wọn wá irú rẹ̀, ti ọdún tuntun kọ́ ni kí ẹ rà. Dísẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń tà fún ọkọ̀ ojú pópó níbí, imí-ọjọ́ inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú mílíọ̀nù lọ, òun ni wọ́n ṣe DPF fún. Èyí tí kò bá mọ́ tó bẹ́ẹ̀ á dí i pa. Cummins lítà 5.9, tí wọ́n fi sínú píkọ́ọ̀pù láti 1989 títí dé 2007, kò ní DPF, kò sì bèèrè DEF. Irú rẹ̀ ṣì wà ní gbàǹjo, ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ bi kọ́sítọ́ọ̀mù bóyá wọ́n ṣì ń gba ọkọ̀ tó ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ wọlé, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tó máa bá yín wò ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, pàápàá bó bá jẹ́ Michigan tàbí Ohio ló ti wá, iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú ọ̀nà nígbà yìnyín ti mú kí ọ̀pọ̀ wọn dógùn-ún. Bó bá sì jẹ́ jẹnẹrétọ̀ tàbí ọkọ̀ ojú omi kékeré ní Ẹ̀pẹ́ ni ẹ fẹ́ máa fà, Hilux onídísẹ́ẹ̀lì lítà 2.8, tí wọ́n ṣe láti fa tírélà oníbíréèkì tó tọ́ọ̀nù mẹ́ta àtààbọ̀, á ṣe é, pààtì rẹ̀ sì wà ní Ládípọ̀.