Gàníṣíì tàbí Fọ́ọ̀mù 48: èwo la fi ń gba ẹ̀tọ́ lọ́wọ́ ìjọba?

Ẹ ti jàre ìjọba ní kóòtù òṣìṣẹ́ n'Ílọrin, ọ̀gá iléeṣẹ́ ìjọba tẹ́ ẹ pè lẹ́jọ́ ò mira láti ṣe ohun tí kóòtù wí. Bó bá jẹ́ owó oṣù ni wọ́n jẹ yín, gàníṣíì lèmi fara mọ́: kóòtù á pàṣẹ kí báńkì tí owó iléeṣẹ́ náà wà san án fún yín tààrà. Wàhálà ibẹ̀ ni abala 84 òfin Ṣẹ́ríìfù, ìyẹn òfin tó sọ bí wọ́n ṣe ń mú ìdájọ́ kóòtù ṣẹ: bí owó bá wà níkàáwọ́ òṣìṣẹ́ ọba, Agbẹjọ́rò Àgbà ìjọba gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọwọ́ sí i. Ẹni tí àwọn lọ́yà rẹ̀ bá yín rojọ́ o!

Fọ́ọ̀mù 48 (ìwé tó ń kìlọ̀ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ sẹ́ni tó bá tàpá sí àṣẹ kóòtù) àti 49 (ìwé tó ní kó wá sọ ìdí tí wọn ò fi ní jù ú sẹ́wọ̀n) ní tiwọn, ẹ̀wọ̀n ni wọ́n fi ń dẹ́rù bani. Wọn ò wúlò fún gbèsè lásán; àṣẹ "ẹ dá a padà sẹ́nu iṣẹ́" ni wọ́n bá mu. Ọwọ́ ọ̀gá fúnra rẹ̀ ni kí ẹ fi fọ́ọ̀mù náà lé, kì í ṣe akọ̀wé rẹ̀.