Rílè iná iwájú àti ọ̀pá sítíárì lórí Hilux tí wọ́n gbé sókè: àyẹ̀wò iṣẹ́ ṣọ́ọ̀bù kan l'Òṣogbo

Lápá ọ̀nà Ìkìrun, l'Òṣogbo, ni ṣọ́ọ̀bù yìí wà. Ọ̀gá méjì ló jọ ń lò ó: rẹ́wáyà kan, àti mẹkáníìkì kan tó gbọ́ iṣẹ́ jíìpù dáadáa. Ọkọ̀ tí a fi yẹ iṣẹ́ wọn wò ni Hilux tòkúnbọ̀ tí wọ́n ṣe ṣáájú ọdún 2005. Wọ́n ti fi ìtìlẹ́ oní-ínǹṣì méjì gbé bọ́dì rẹ̀ sókè lórí ṣáásì, wọ́n tún wáyà iná iwájú rẹ̀ ṣe pẹ̀lú rílè méjì (rílè ni swíìṣì tí iná kékeré ń tan kí ó lè gbé iná ńlá kọjá), wọ́n sì fi gígùn kún ọ̀pá sítíárì rẹ̀. Iṣẹ́ wáyà wọn dára gan-an. Iṣẹ́ sítíárì wọn dára bí ẹ bá kọ̀ jálẹ̀ pé ẹ kò fẹ́ kí wẹ́dà jó ohunkóhun pọ̀. Ṣùgbọ́n wáyà ẹ́ẹ̀tì (ọ̀nà tí iná ń gbà padà sí bátìrì) tó so bọ́dì mọ́ ṣáásì bọ́ sí àárín àwọn ọ̀gá méjèèjì, kò sí ẹni tó kà á mọ́ iṣẹ́ tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni ewu gidi wà.

Ẹ jẹ́ ká ti orí iná bẹ̀rẹ̀. Gúlóòbù H4 tó wà nínú irú ọkọ̀ yìí jẹ́ wọ́ọ̀tì 60 fún fúùlù, wọ́ọ̀tì 55 fún dímù. Bí ẹ bá tan fúùlù, gúlóòbù méjì jẹ́ wọ́ọ̀tì 120, ìyẹn ámpù 10 lórí bátìrì fólítì 12. Ẹrù yìí pọ̀ fún swíìṣì kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítíárì, pàápàá èyí tó ti lo ogún ọdún tí ojú irin inú rẹ̀ ti jó. Fólítì á máa jò dànù sínú ooru kí ó tó dé iwájú. Irú gúlóòbù yìí kì í sì í fojú fo fólítì tó dín: bí fólítì bá dín ní ìdá 10 nínú 100, ìmọ́lẹ̀ á dín ní nǹkan bí ìdá 30. Ìdí nìyí tí àwọn kan fi ń pààrọ̀ gúlóòbù léraléra tí iná kò sì mọ́lẹ̀ sí i. Tí rílè bá wà níbẹ̀, swíìṣì kò ní gbé ju ìdá kan nínú márùn-ún ámpù lọ, bátìrì ni yóò sì máa bọ́ gúlóòbù tààrà.

Ohun àkọ́kọ́ tó mú wa gba ti rẹ́wáyà yìí ni pé ó gbé míítà kí ó tó gbé pílíásì. Ó yọ sọ́kẹ̀tì kúrò lẹ́yìn gúlóòbù, ó tan dímù, ó sì wọn ojú irin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́kọ̀ọ̀kan. Lórí ọ̀pọ̀ Hilux àti Land Cruiser àtijọ́, pọ́sítíìfù ló máa ń dúró sójú irin tí fúùlù àti dímù jọ ń lò, ẹ́ẹ̀tì sì ni swíìṣì ń tan, tó ń pa. Ọ̀pọ̀ rẹ́wáyà kò mọ èyí. Wọ́n á fa wáyà rílè bíi ti ọkọ̀ tí swíìṣì rẹ̀ ń gé pọ́sítíìfù, wọ́n á wá máa yà á lẹ́nu pé dímù àti fúùlù ń tàn pa pọ̀, tàbí pé kò sí èyí tó tàn rárá. Àyẹ̀wò rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ: bí ojú irin àjọlò bá fi fólítì 12 hàn sí bọ́dì, ẹ́ẹ̀tì ni swíìṣì ń gé, bó bá jẹ́ pé ojú irin dímù ló ní fólítì 12, tí àjọlò sì jẹ́ ẹ́ẹ̀tì, pọ́sítíìfù ni.

Lórí Hilux yìí, báyìí ló ṣe so ó (ojú 85 àti 86 ló ń gba àṣẹ tó ń tan rílè, ojú 30 ni iná ńlá ń gbà wọlé, ojú 87 ló ń gbà jáde). Ojú 86 lára rílè kọ̀ọ̀kan lọ sórí wáyà àjọlò tó wà nínú sọ́kẹ̀tì àtijọ́. Ojú 85 rílè àkọ́kọ́ lọ sórí wáyà dímù, ti ìkejì sórí wáyà fúùlù. Ojú 30 méjèèjì gba iná láti orí bátìrì, fíúsì ámpù 20 sì wà lọ́nà kọ̀ọ̀kan, kò jìnnà ju gígùn ọwọ́ kan lọ sí orí bátìrì. Ẹ má gbójú fo ọ̀rọ̀ fíúsì yìí, nítorí gbogbo wáyà tó wà láàárín bátìrì àti fíúsì kò ní ààbò kankan: bó bá họ mọ́ bọ́dì, yóò jó. Ojú 87 lọ sí sọ́kẹ̀tì tuntun, ẹ́ẹ̀tì gúlóòbù sì lọ sábẹ́ bóòtù kan tí wọ́n ti fi sáńpépà ha ọ̀dà kúrò nídìí rẹ̀. Kò gé wáyà àtijọ́ rárá; sọ́kẹ̀tì tó wà nílẹ̀ ló fi ṣe àṣẹ fún rílè. Bí rílè bá bàjẹ́ lóru lójú ọ̀nà, ẹ lè fa sọ́kẹ̀tì àtijọ́ padà sẹ́yìn gúlóòbù kí ẹ sì máa lọ. Ọgbọ́n nìyẹn. Lẹ́yìn irú iṣẹ́ yìí, kí ẹ tan fúùlù kí ẹ sì wo iná búlúù inú dáṣíbọ́ọ̀dù, nítorí lórí àwọn ọkọ̀ kan, inú gúlóòbù ni ọ̀nà iná kékeré náà ń gbà kọjá, ó sì lè má tàn mọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún rílè fúnra rẹ̀ bí ẹ bá ń rà á. Èyí tó ní ẹsẹ̀ márùn-ún ní ojú 87a, tí iná máa ń wà lórí rẹ̀ nígbà tí rílè bá sùn. Bí wọ́n bá so gúlóòbù mọ́ ọn, ẹ ó bá iná ní títàn nígbà tí ẹ bá pa ọkọ̀, bátìrì á sì kú kí ilẹ̀ tó mọ́. Ohun kejì tó ń da àwọn èèyàn láàmú ni pé rílè onígun mẹ́rin méjì lè jọra lójú, kí ojú 30 àti ojú 86 wọn sì ti gba ipò ara wọn. Àwòrán tí wọ́n tẹ̀ sára rílè ni kí ẹ kà, ẹ má wo bó ṣe wọ sọ́kẹ̀tì. Bí dáyóòdù (ohun kékeré tó ń jẹ́ kí iná gba apá kan ṣoṣo kọjá) bá sì wà nínú àwòrán náà, ojú 85 àti 86 kò ṣeé pààrọ̀ fún ara wọn mọ́. Bí wọ́n bá gbé e sódì, dáyóòdù á jó tàbí kí fíúsì já.

Wáyà kọ́pà 2.5 mm² ni wọ́n lò, ó sì tọ́. Mítà kan rẹ̀ ń dènà iná ní nǹkan bíi mílíóòmù 7, nígbà tí wáyà 0.75 mm² jẹ́ nǹkan bíi 23. Lórí mítà mẹ́rin, ní lílọ àti bíbọ̀, pẹ̀lú ámpù 10, èyí àkọ́kọ́ ń pàdánù ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fólítì, èyí kejì ń pàdánù tó fólítì kan. Alumíníọ̀mù tí wọ́n fi kọ́pà bò ló pọ̀ lọ́jà báyìí. Ẹ fi abẹ ha okùn kan nínú rẹ̀: bí inú rẹ̀ bá funfun, ẹ dá a padà. Níbi ìsopọ̀, pílíásì ìtẹ̀wáyà ni ọ̀gá yìí lò, ó sì fi rọ́bà tó ń fún bó bá gbóná bò ó. Kò lọ́ wáyà mọ́ra kí ó wá fi téèpù wé e, èyí tí òjò kan ṣoṣo máa ń sọ di ìpẹtà. Ó dojú ẹsẹ̀ rílè kọ ilẹ̀ kí omi lè máa ṣàn kúrò nínú rẹ̀, ó sì gbé e jìnnà sí ẹnu táyà. Nígbà tí ẹnjínì ń ṣiṣẹ́ tí fúùlù sì ń tàn, ohun tó sọnù láàárín orí pọ́sítíìfù bátìrì àti ojú gúlóòbù kò tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá fólítì. Bí tiyín bá ju ààbọ̀ fólítì lọ, iṣẹ́ náà kò tíì parí.

Ohun tí a kò fara mọ́ ni pé wọ́n ń gba oníbàárà níyànjú láti ra gúlóòbù wọ́ọ̀tì 100. Rílè lè gbé e, ṣùgbọ́n sọ́kẹ̀tì ike H4 á yọ́, dígí iná á sì dúdú nínú. Yàtọ̀ sí èyí, ẹni tó ń bọ̀ lódìkejì lójú ọ̀nà Gbọ̀ngán lóru kò ní ríran. Bọ́dì ti gòkè ní ínǹṣì méjì, iná náà ti gòkè pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ gbé ọkọ̀ síwájú ògiri ní mítà 10, lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, kí ẹ sì yí skúrù iná títí ojú ìlà dímù á fi wà ní ó kéré tán sẹ̀ntímítà 10 nísàlẹ̀ gíga gúlóòbù. Ṣọ́ọ̀bù yìí kò ṣe èyí àfi bí ẹ bá béèrè.

Sítíárì wá kù. Bí wọ́n bá fi sípíríìnì àti ṣọ́ọ̀kì nìkan gbé ọkọ̀ sókè, ọ̀pá sítíárì kò ní yí padà, nítorí bọ́dì àti ṣáásì kò kúrò nípò tí wọ́n wà sí ara wọn. Bọ́dì tí wọ́n gbé kúrò lórí ṣáásì ló ń dá wàhálà sílẹ̀: òkè ọ̀pá wà lára bọ́dì, àpótí sítíárì wà lára ṣáásì, ínǹṣì méjì sì ti wọ àárín wọn. Ọ̀pá àárín ní eyín, ó lè fà díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí bóòtù ìfúnpọ̀ (èyí tó ń di ọ̀pá mú) ń gbà kọjá. Kòtò kan wà lára ọ̀pá eléyín tí bóòtù náà máa ń jókòó sí. Bí ọ̀pá bá ti fà jáde ní ìwọ̀n ìka kan, kòtò náà kò sí níwájú ihò mọ́, bóòtù kò sì ní wọlé. Mẹkáníìkì tí kò ní sùúrù á wá bóòtù tó tín-ín-rín jù ú lọ, tàbí kí ó fáìlì ọ̀pá. Ọ̀pá náà kò ní ohun tó dá a dúró mọ́ nìyẹn; ó lè yọ jáde lójijì, kí sítíárì sì máa yí lásán lọ́wọ́ awakọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́kọ́ dábàá ní ṣọ́ọ̀bù yìí ni pé kí àwọn gé ọ̀pá náà, kí àwọn fi páìpù sáàárín, kí wẹ́dà jó o. Ẹ má gbà. Iná wẹ́dà ń yí líle irin padà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú jíjó, ibẹ̀ ni yóò sì ti sán láìsí ìkìlọ̀ kankan. Bó bá sì jẹ́ apá tó ń wọnú ara rẹ̀ ni wọ́n jó pa, ọ̀pá náà kò ní lè sún wọnú ara rẹ̀ mọ́ bí ọkọ̀ bá kọlu nǹkan, àyà awakọ̀ ni yóò sì gba á. Àfikún tí wọ́n ṣe fún iṣẹ́ yìí wà: irin kan tó ní eyín obìnrin àti bóòtù ìfúnpọ̀ lápá kan, eyín akọ àti kòtò lápá kejì. Ládípọ̀, ọjà pátì ọkọ̀ l'Èkó, ni wọ́n ti rí i rà, nígbà tí oníbàárà kọ̀ jálẹ̀. Nígbà tó dé, mẹkáníìkì náà ṣe é bó ṣe yẹ.

Ó yọ orí nẹ́gátíìfù bátìrì, ó sì dúró ju ìṣẹ́jú àáyá 90 lọ, nítorí ẹ́ábáàgì wà nínú ọkọ̀ náà. Ó fi okùn de sítíárì kí ó má baà yí: wáyà pẹlẹbẹ tó ká sábẹ́ sítíárì á já bó bá yí kọjá ààlà rẹ̀. Ó fi ọ̀dà sàmì sí ọ̀pá kí ó tó tú u. Àmì yìí ṣe pàtàkì, torí lórí ọ̀pá tó ní eyín 36, àṣìṣe eyín kan jẹ́ dígírì 10, sítíárì á sì wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí táyà tilẹ̀ tọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi apá táyà ṣe àtúnṣe irú èyí. Eyín ni kí wọ́n tún tò. Ó tún rí i pé ẹnu jọ́ìntì méjèèjì dojú kọ ibì kan náà. Bí wọn kò bá bára mu, sítíárì á máa wúwo, á máa fúyẹ́, lẹ́ẹ̀mejì nínú yíyí kan. Lẹ́yìn èyí ó yí i láti òpin òsì dé òpin ọ̀tún, ẹnìkejì sì fi iná tọ́ọ̀ṣì wo bóyá ó ń ha páìpù búrẹ́èkì tàbí èéfín.

Ẹ kìlọ̀ fún rẹ́wáyà náà pẹ̀lú: wáyà tí sọ́kẹ̀tì rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ yẹ́lò lábẹ́ sítíárì, ti ẹ́ábáàgì ni. Kò gbọ́dọ̀ fi gúlóòbù àyẹ̀wò kàn án rárá, nítorí ó lè mú kí ẹ́ábáàgì bú jáde sójú rẹ̀.

Báyìí ni iṣẹ́ méjèèjì ṣe parí tí iná kò sì mọ́lẹ̀ tó bó ṣe yẹ. Wáyà ẹ́ẹ̀tì tó ti orí ṣáásì lọ sí bọ́dì ti nà tán lẹ́yìn tí bọ́dì gòkè, ó sì já lábẹ́ rọ́bà rẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Mẹkáníìkì ní wáyà ni, kò kan òun; rẹ́wáyà ní abẹ́ ọkọ̀ ni, kò kan òun. Rọ́bà àti ike ìtìlẹ́ kì í gbé iná kọjá, nítorí náà iná tó yẹ kó padà sí bátìrì ń wá ọ̀nà mìíràn: ó ń gba inú okùn tòròtù, ó sì ń gba inú ọ̀pá sítíárì. Bó bá ń gba inú jọ́ìntì sítíárì kọjá, á máa jó àwọn abẹ́rẹ́ kéékèèké tó ń mú un yí, jọ́ìntì á sì di líle díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó ń gùn ún á rò pé àpótí sítíárì ló ti gbó.

Ẹ tan fúùlù, kí ẹ fi míítà wọn láti orí nẹ́gátíìfù bátìrì sí irin bọ́dì tí kò ní ọ̀dà. Bó bá ju ìdá méjì nínú mẹ́wàá fólítì lọ, ẹ́ẹ̀tì kò dára. Wáyà 16 mm² tó gùn tó láti má nà, lábẹ́ bóòtù méjì tí wọ́n ti ha ìdí wọn mọ́, ló yanjú rẹ̀ lórí Hilux yìí, iná sì tàn bó ṣe yẹ. Ẹ sọ ọ́ fún àwọn ọ̀gá méjèèjì kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì mọ ẹni tí yóò ṣe é. Ìgbà kan náà ni kí wọ́n wo hóòsì rédíétọ̀, okùn búrẹ́èkì ọwọ́ àti ọ̀nà tí epo ń gbà wọ táǹkì, torí ínǹṣì méjì kan náà ló nà wọ́n.

Kí ẹ bá wọn dúnàádúrà owó iṣẹ́ lọ́tọ̀, owó pátì lọ́tọ̀, kí wọ́n má sì tú ọkọ̀ títí àfikún ọ̀pá yóò fi dé láti Èkó. Lẹ́yìn bíi kìlómítà 500, ẹ gbé e padà kí wọ́n fi sípánà oníwọ̀n yẹ bóòtù ìfúnpọ̀ wò. Lórí ọ̀pọ̀ Toyota, ìwọ̀n rẹ̀ wà ní àyíká 35 Nm. Wọn kì í gba owó fún ìyẹn.