Ìkìlọ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra ọ̀pá ìrìn: "kábọ̀n" tí wọ́n tà fún mi, álúmíníọ̀mù tí wọ́n fi ike wé ni

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ máa ń fẹsẹ̀ rìn jìnnà, mo kí yín o. Kí ẹ tó sanwó fún ọ̀pá ìrìn èyíkéyìí tí wọ́n ń polówó ní ẹ̀dínwó tó kọjá àfẹnusọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ kà á dé ìsàlẹ̀. Ọwọ́ ọ̀tún mi ni mo fi kọ́ ọgbọ́n yìí, ó sì ṣì ń dùn mí bí mo ṣe ń tẹ̀ ẹ́ yìí.

Mo ń múra ìrìn ọjọ́ méje nígbà náà. Ọ̀pá mi àtijọ́ ti gbó, mo ní kí n wá èyí tó fúyẹ́. Ni ìpolówó kan bá yọ lójú fóònù mi: ìdílé kan tó ti ń ṣe ọ̀pá láti ogún ọdún sẹ́yìn fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù wọn pa, bàbá ti darúgbó, ọmọ kò fẹ́ ṣe iṣẹ́ náà mọ́, kí àwọn oníbàárà wá kó ọjà tó kù ní ìdá kan nínú mẹ́ta iye rẹ̀. Wọ́n fi fọ́tò bàbá náà síbẹ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó di ọ̀pá mú. Àánú ṣe mí. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín.

Mo ra ọ̀pá méjì tí wọ́n ní kábọ̀n (ohun èlò dúdú kan tó fúyẹ́, tó sì le) ni látòkè délẹ̀, mo ra bàtà, mo ra tọ́ọ̀ṣì tí a ń dè mọ́rí. Kí n tó sanwó, ìṣẹ́jú márùn-ún kì í pé tí wọ́n fi ń dá mi lóhùn. Ẹrù dé lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ márùn-ún, ó ku ọjọ́ méjì kí n gbéra. Ọ̀pá dúdú, ó ń dán, ó ní iṣẹ́ lára bí ẹní híhun. Mo ní ó dára, mo kó o sínú ẹrù. N kò yẹ̀ ẹ́ wò, ibẹ̀ ni mo ti ṣì í.

Lọ́jọ́ kẹta, mo ń sọ̀kalẹ̀ níbi òkúta kan tí ìrì ti mú kó máa yọ̀. Mo ti ọ̀pá ọ̀tún síwájú, mo gbára lé e, ló bá wọ inú ara rẹ̀ wẹ́rẹ́ bí orí ahun tó sá wọ karawun. Kí n tó mọ̀, mo ti wà nílẹ̀, ọrùn ọwọ́ mi ló sì gba gbogbo ìwúwo ara. Kò kán, mo dúpẹ́, àmọ́ ó rọ́. Ọjọ́ mẹ́rin tó kù, ojú fèrèsé ọkọ̀ ni mo ti wo ọ̀nà.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo tú ọ̀pá náà palẹ̀. Ìdè tó yẹ kó di abala méjì mú ara wọn ti sán, ike rírọ̀ lásán ni. Ibi tó ti ha òkúta, dúdú ti ṣí, funfun irin ló wà lábẹ́ rẹ̀. Mo fi èékánná ká a létí, ó ń bó bí èèpo àlùbọ́sà. Ike tí wọ́n ya àwòrán kábọ̀n sí ni wọ́n wé mọ́ álúmíníọ̀mù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Ẹ gbọ́ mi yé o: mi ò sọ pé álúmíníọ̀mù burú. Àwọn tó ti rìn jìnnà jù mí lọ ń lò ó, wọn kò sì fẹ́ nǹkan mìíràn, torí bó bá fara gbá òkúta, ó sábà máa ń tẹ̀ ni, èèyàn á tún lè fà á nà kó fi délé. Kábọ̀n ní tirẹ̀ fúyẹ́, ṣùgbọ́n bó bá gba ọgbẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó lè ṣẹ́ lójijì láìkìlọ̀. Ẹni tó bá ta álúmíníọ̀mù fún mi ní orúkọ rẹ̀, tó sì ṣe é kó nípọn, kò sí ìjà. Irọ́ ló ń bí mi nínú, àti ìdè tó lè pa èèyàn.

Ẹ wá gbọ́ bí ẹ ó ṣe mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ tó bá dé gan-an. Ẹ fà á yọ sí abala-abala, kí ẹ wo etí ibi tí wọ́n ti gé e. Kábọ̀n dúdú wọnú, ojúlówó kò ní inú funfun. Ẹ fi èékánná kàn án: álúmíníọ̀mù a dún gooro, kábọ̀n a dún pọ̀kọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Ọ̀pá kábọ̀n méjì sábà máa ń wà láàárín gíráàmù 300 sí 450. Wọ́n kọ 380 sí ojú ìpolówó tèmi, àmọ́ nígbà tí mo padà délé tí mo wọ̀n ọ́n, 612 ni mo bá. Ká ní mo ṣe èyí nìkan ṣáájú, mi ò bá má tí ì gbéra.

Ẹnu ọ̀pá náà, ìyẹn ibi tó ń kan ilẹ̀, tún wà níbẹ̀. Èyí tó dára máa ń ní ẹnu tungsten carbide, tó le débi pé fáìlì tí a fi ń pọ́n irin kò lè họ ọ́. Irin lásán ni tèmi, ọjọ́ mẹ́ta péré ló fi kújú bí ẹnu pẹ́ńsù. Kò tún sí ìlà tó ń sọ ibi tí a kò gbọdọ̀ fà á kọjá, èyí tí ojúlówó ọ̀pá tó ṣeé fà gùn máa ń ní lára abala kọ̀ọ̀kan. Bí kò bá sí ìlà yẹn, èèyàn á fà á dé ibi tí abala inú kò ti ní ìdìmú tó, á sì máa rò pé òun ṣe é bó ṣe yẹ.

Ti ìdè ló ṣe pàtàkì jù. Ẹ fà á dé ìwọ̀n yín, ìyẹn ni kí ìgbọ̀nwọ́ ká bí igun ilé nígbà tí ẹ bá dúró tí ẹ di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹ dè é dáadáa, ẹ fi rọ́bà bo ẹnu rẹ̀, ẹ wá fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, díẹ̀díẹ̀, nínú ilé. Bó bá wọlé, kódà ní ìwọ̀n èékánná kan, ẹ má gbé e dé ojú ọ̀nà. (Bí tiyín bá jẹ́ èyí tí a ń lọ́ dè, tó sì ń yọ̀, ẹ kọ́kọ́ tú u, kí ẹ nu inú rẹ̀ gbẹ. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ fi òróró sí i, ẹ má dá a lóhùn, òróró gan-an ló máa ń jẹ́ kó yọ̀.)

Bàtà náà, àtẹ́lẹ̀ rẹ̀ fọ́ bí búrẹ́dì gbígbẹ ní ọ̀sẹ̀ kejì tí mo wọ̀ ọ́. Nǹkan tí wọ́n ń pè ní polyurethane, tó wà láàárín awọ àti àtẹ́lẹ̀, ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ máa ń jẹ ẹ́ bí ọdún ti ń gorí ọdún, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú páálí ló wà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ ọ́ rí. Bàtà àtijọ́ tí wọ́n nu eruku rẹ̀ kúrò ni wọ́n tà fún mi ní tuntun. Ẹ máa béèrè ọdún tí wọ́n ṣe é. Ní ti tọ́ọ̀ṣì, wọ́n kọ 9,900 mAh (òǹkà bí iná tí bátìrì lè gbà ṣe pọ̀ tó) sára bátìrì tó wà nínú rẹ̀, oríṣi tí wọ́n ń pè ní 18650. Ojúlówó bátìrì oríṣi yẹn tó wọ́pọ̀ kì í kọjá 3,600. Ẹni tó bá kọ 9,900 ti fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́.

Àmọ́ ibi tí gbájúẹ̀ náà ti fi hàn pé ọ̀gá lòun ni ibi ìdápadà owó. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́, wọ́n dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́fà. Wọ́n ní àwọn fẹ́ fídíò, mo ṣe é. Wọ́n ní kò hàn dáadáa, kí n tún un ṣe. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní kí n mú ọ̀pá náà dání, àwọn ó dá ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún padà. Mo kọ̀. Ó di 25. Mo kọ̀. Ó di 40, "nítorí pé ẹ jẹ́ oníbàárà pàtàkì". Láàárín ọ̀rọ̀ kan sí èkejì, ọ̀sẹ̀ kan a kọjá. Ìgbà tí mo wá tutọ́ sókè tí mo fojú gbà á, wọ́n ní kí n dá ẹrù padà sí àdírẹ́sì kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn, èmi ni kí n san owó ọkọ̀, iye rẹ̀ sì ju ti ọ̀pá lọ. Kì í ṣe pé wọ́n ń jà láti yanjú rẹ̀. Kàlẹ́ńdà ni wọ́n ń wò.

Torí gbogbo ọ̀nà ìsanwó ló ní gbèdéke. Ní PayPal, ìyẹn ilé iṣẹ́ ìsanwó orí ayélujára, ọjọ́ 180 lẹ́yìn ìsanwó lèèyàn ní láti fẹjọ́ sùn. Bí ẹ bá sì ti fẹjọ́ sùn, ọjọ́ 20 lẹ ní láti gbé e dé iwájú PayPal fúnra wọn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹjọ́ á pa ara rẹ̀ dé. Ẹjọ́ tí a bá ti pa dé, kò ṣeé ṣí mọ́. Ìdí nìyí tí oníjìbìtì fi máa ń bẹ̀bẹ̀ pé, "Ẹ kọ́kọ́ yọ ẹjọ́ yẹn kúrò, ká lè ráàyè dá owó yín padà." Wọ́n bẹ̀ mí bẹ́ẹ̀ nígbà mẹ́ta. Bí wọ́n bá sì ní kí ẹ san án bí owó tí à ń fi ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ àti ẹbí, ẹ sá, ààbò oníbàárà kò kan irú owó bẹ́ẹ̀. Báńkì tó ni káàdì yín náà ní gbèdéke tirẹ̀, ẹ pè wọ́n béèrè, ẹ má ṣe dúró de èsì olùtajà. Ní tèmi, báńkì gba owó ọ̀pá àti tọ́ọ̀ṣì padà fún mi, àmọ́ ti bàtà ti lọ, torí mo ti gba ìdá 15 lórí rẹ̀ nígbà tí n kò tíì lajú.

Lẹ́yìn tí gbogbo rẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ ni mo wá ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe. Mo fi fọ́tò bàbá arúgbó náà wá inú Google Lens, tó ń fi àwòrán wá ibi tí irú rẹ̀ ti wà lórí ayélujára, ó yọ ní ìkànnì mẹ́rin, pẹ̀lú orúkọ mẹ́rin, ó ń ti ṣọ́ọ̀bù aago pa níbì kan, ó ń ti ti bàtà pa níbòmíràn. ICANN, àjọ tó ń bójú tó orúkọ ìkànnì lórí ayélujára, ní ojú ìwé tí èèyàn ti lè wo ọjọ́ tí wọ́n forúkọ ọ̀pọ̀ ìkànnì sílẹ̀, lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkànnì "ogún ọdún" yìí kò tíì pé oṣù méjì lọ́jọ́ tí mo rajà. Ìyìn àwọn oníbàárà tó kún inú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ kan náà ni wọ́n kọ gbogbo rẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo kò sì sọ ọ̀nà tó rìn. Ta ni ó ra ọ̀pá tí kò ní ròyìn ọ̀nà? Gbogbo wa la mọ ara wa.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí ọ̀pá kan náà, fọ́tò kan náà, gbólóhùn àárò bàbá kan náà, lábẹ́ orúkọ mìíràn. Ìdí tí mo fi jókòó kọ èyí nìyẹn.

Bí ẹ bá sì ròyìn tiyín sí gbangba, ẹnì kan á yọjú sí yín ní kọ̀rọ̀, á ní òun mọ bí a ti ń gba irú owó bẹ́ẹ̀ padà, ẹ ṣáà kọ́kọ́ san owó díẹ̀. Ẹ dí i lọ́nà. Wákàtí mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kọ́kọ́ ṣàròyé ni ti èmi dé.

Ẹni tó bá ti ra tirẹ̀ lọ́wọ́ wọn, kó fa ọ̀pá náà yọ kó wo inú rẹ̀ lónìí, kó sì ka ọjọ́ láti ìgbà tó ti sanwó.