Wọ́n Kun Àbàwọ́n Náà Lẹ́ẹ̀mẹ́ta: Àyẹ̀wò Iṣẹ́ Àwọn Tó Kọ́ Ilé Tí Mo Rà

Ilé-iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ yìí máa ń kọ́ ilé tuntun parí kí wọ́n tó tà á, wọ́n sì máa ń ṣe ìlérí fún ẹni tó bá rà á pé, fún oṣù 12 lẹ́yìn tó bá ti gba kọ́kọ́rọ́, àwọn yóò tún ohunkóhun tí àìṣedéédéé iṣẹ́ ọwọ́ àwọn bá bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Oṣù kọkànlá mi nínú ilé náà nìyí. N kò ní dárúkọ wọn, nítorí ọ̀rọ̀ kan ṣì kù nílẹ̀ láàárín wa. Ohun tí mo lè sọ ni pé wọ́n mọ ilé kọ́, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ilé tún ṣe, àwọn iṣẹ́ méjèèjì sì yàtọ̀ síra ju bí mo ṣe rò lọ nígbà tí mo ń sanwó.

Kí n kọ́kọ́ fún wọn ní ẹ̀tọ́ wọn. Egungun ilé náà dára. Nígbà tí mo gbé ọ̀pá gígún onímítà 2 ti ara ògiri yàrá ìgbàlejò, àlàfo tó wà láàárín ọ̀pá àti ògiri kò ju mìlímítà 3 lọ níbikíbi. Òrùlé kò tíì jò rí, àwọn ilẹ̀kùn ń pa dé láìjẹ́ pé ènìyàn fi èjìká tì wọ́n, wọ́n sì fi ọ̀rá ìdènà ọ̀rinrin sí ẹsẹ̀ ògiri ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 15 sókè ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bó ṣe yẹ, tí a kò fi rí iyọ̀ funfun tó máa ń hù lára ògiri tí omi ilẹ̀ bá ń gùn.

Ọjọ́ tí wọ́n fa kọ́kọ́rọ́ lé mi lọ́wọ́ ni mo ṣe àṣìṣe tèmi. Ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ní kí n wá, òkùnkùn ti ń ṣú, òṣìṣẹ́ tó sì mú mi káàkiri ilé ń rìn bí ẹni tí ọkọ̀ fẹ́ fi sílẹ̀. Láàárín ogún ìṣẹ́jú, mo ti fọwọ́ sí ìwé pé mo ti yẹ ilé wò, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo tó ṣe ohun tó yẹ kí n ti ṣe: mo tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́ ògiri kí ibi tí kò tẹ́jú lè fi òjìji hàn, mo ṣí gbogbo ẹ̀rọ omi lẹ́ẹ̀kan náà, mo tẹ bọ́tìnì ìdánwò tó wà lára ohun tí ń já iná bí iná bá ń sá lọ sínú ilẹ̀, mo sì fi owó irin kan táìlì ilẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Mọ́kànlá nínú àwọn táìlì náà dún bí akèrègbè tó ṣófo. Ìdí ni pé ẹni tó tẹ́ wọn kàn fi gọ́ọ̀mù sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kò tẹ́ ẹ kárí ẹ̀yìn táìlì. Bí ohun wúwo bá bọ́ sí àárín irú táìlì bẹ́ẹ̀, ó di àfọ́kù. Wọ́n pààrọ̀ wọn láìjiyàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọ̀ ohun tí wọ́n fi dí àárín táìlì tuntun kò bá ti àtijọ́ mu, tí ilẹ̀ ilé ìdáná sì rí bí aṣọ tí wọ́n lẹ̀.

Ní oṣù kẹta, ìlà bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lára ògiri. Ọkàn ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ilé máa ń fò sókè nígbà tó bá rí èyí, bẹ́ẹ̀ sì ni kì í ṣe gbogbo ògiri tó sán ni ìpìlẹ̀ rẹ̀ ní àìsàn. Ọjọ́ 28 ni wọ́n máa ń fún kọnkéré kó tó dé ibi agbára tí wọ́n ṣírò fún un, ṣùgbọ́n omi tó wà nínú rẹ̀ àti nínú pílásítà ara ògiri lè máa gbẹ fún ọ̀pọ̀ oṣù lẹ́yìn náà, bí ó sì ti ń gbẹ ni ó ń fún jọ, tí ojú rẹ̀ ń sán. Ìlà tí kò fẹ̀ tó mìlímítà 1, tó sì dúró sójú kan, kò ju ohun tí ènìyàn lè dí kó sì kùn lọ. Èyí tó yẹ kí a ṣọ́ ni èyí tó ti igun fèrèsé tàbí ilẹ̀kùn dagun gòkè, tàbí èyí tó ń tẹ̀ lé etí búlọ́ọ̀kù bí àtẹ̀gùn, pàápàá bó bá ń gùn tàbí tó ń fẹ̀ sí i. Nínú ìlà mẹ́wàá tí mo kà, mẹ́sàn-án jẹ́ ti gbígbẹ lásán. Ọ̀kan ti igun fèrèsé yàrá mi gòkè lọ sí ọ̀nà àjà.

Ẹni tí wọ́n rán wá fi pọ́tì dí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá bákan náà. Mo béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ bóyá kò rí i pé ọ̀kan yàtọ̀. Ó ní, “Ẹ má mikàn, mà, ilé ń wá ibi jókòó sí ni.” Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn náà, ti orí fèrèsé tún lanu. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi pẹ́ńsù fa ìlà kékeré kọjá orí ibi tí ó parí sí, tí mo sì ń kọ déètì sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n àbàwọ́n àjà ni olórí ẹ̀sùn mi. Balùwẹ̀ òkè wà ní orí yàrá ìgbàlejò gan-an. Ní ìparí oṣù kejì, àmì kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, jáde lára àjà ìsàlẹ̀. Mo pè wọ́n, wọ́n sì dé kíákíá, èyí tó dùn mọ́ mi nínú nígbà náà. Wọ́n kun ún ní ọ̀dà funfun, wọ́n lọ. Kò pé oṣù kan tí ó fi padà. Wọ́n tún wá, wọ́n fi gọ́ọ̀mù sílíkóònù yí etí ibi ìwẹ̀ ká, wọ́n tún kùn ún. Nígbà tó padà lẹ́ẹ̀kẹta, wọ́n kun gbogbo àjà yàrá náà láti igun dé igun, ó sì dára lójú púpọ̀. Mo bi ọmọkùnrin tó ń kùn ún pé, “Jọ̀ọ́, ibo ni omi yìí ti ń wá?” Ó wò mí tàánú-tàánú, ó ní, “Ọ̀dà ni wọ́n ní kí n wá kùn, mà.” Wọ́n fi ètè sílẹ̀, wọ́n ń pa làpálàpá, ọmọ tí wọ́n rán níṣẹ́ kò sì jẹ̀bi rárá.

Ní oṣù kẹjọ, mo fi owó ara mi pe olùyẹ̀wò ilé kan tí kò bá wọn ṣiṣẹ́. Ìdánwò mẹ́ta ló ṣe, kò sì lo ju àkísà, pẹ́ńsù àti sùúrù lọ. Lákọ̀ọ́kọ́, ó ti gbogbo ẹ̀rọ omi, ó ka nọ́ńbà ojú mítà omi, ó sì tún un kà lẹ́yìn wákàtí méjì. Nọ́ńbà náà kò yí. Páìpù tó ń gbé omi wọlé máa ń kún fún ipá omi nígbà gbogbo. Bó bá ń jò, kò ní dúró de ìgbà tí ẹnì kan bá fẹ́ wẹ̀, mítà yóò sì máa yí lọ. Lẹ́yìn náà, ó fi àkísà dí ojú ihò tí omi ń gbà jáde ní ilẹ̀ balùwẹ̀, ó da omi síbẹ̀ títí tó fi jìn tó sẹ̀ǹtímítà 2, ó fi pẹ́ńsù sàmì sí ibi tí omi dé, ó sì ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ibẹ̀ fún wákàtí 24. Nígbà tó padà dé lọ́jọ́ kejì, omi wà níbi àmì rẹ̀, àjà ìsàlẹ̀ sì gbẹ, èyí tó fi hàn pé ohun ìdènà omi tí wọ́n kùn sábẹ́ táìlì kò ní àléébù. Ó wá yọ àkísà náà, gbogbo omi sì ya wọ inú ihò lẹ́ẹ̀kan náà. Kò tó ogójì ìṣẹ́jú tí àbàwọ́n ìsàlẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í tutù. Páìpù omi ìdọ̀tí tó wà lábẹ́ ilẹ̀ balùwẹ̀ ló ń jò, àti pé kìkì ìgbà tí omi bá ń gba inú rẹ̀ kọjá ló ń jò.

Mo rò pé ọ̀rọ̀ ti parí nìyẹn. Ilé-iṣẹ́ náà dá mi lóhùn pé àwọn yóò fi sílíkóònù sí ojú ihò náà láti òkè. Mo kọ̀. Mo kọ lẹ́tà tí mo fi àwòrán àti déètì sí, mo ṣàlàyé ìdánwò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì béèrè pé kí wọ́n ṣí àjà láti ìsàlẹ̀. Ọjọ́ kẹsàn-án ni pọ́lọ́ńbà kan dé. Ó gé àjà, ó fi ọwọ́ kan oríkèé páìpù náà, ó sì tú sí i lọ́wọ́: wọ́n kàn ti ọ̀kan bọ inú èkejì ni, wọn kò fi gọ́ọ̀mù kankan mú un. Ọkùnrin náà ni mo fẹ́ yìn jù nínú gbogbo àwọn tí wọ́n rán wá. Ó tún un ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, ó jẹ́ kí omi ṣàn fún wákàtí kan lójú mi, ó sì kọ̀ láti dí àjà padà títí ọ̀sẹ̀ kan fi kọjá kí ọ̀rinrin inú rẹ̀ lè gbẹ. Nígbà tí mo béèrè ìdí tí kò fi sí ẹni tó ṣe èyí láti oṣù kejì, ó ní iye ilé tí àwọn bá dé lóòjọ́ ni ọ̀gá fi ń ka iṣẹ́ àwọn. Ọ̀dà kíkùn kì í gbà ju wákàtí kan lọ.

Ohun mìíràn tún wà tí n kò rò tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá gba agbaṣẹ́ṣe láti kọ́lé fún un sábà máa ń dá apá díẹ̀ nínú owó iṣẹ́ dúró, ó wọ́pọ̀ kó jẹ́ 5%, títí àkókò àtúnṣe yóò fi parí. Èmi tí mo ra ilé tí wọ́n ti kọ́ parí ti san gbogbo owó kí n tó wọlé, kò sì sí ohun tí mo dì mú mọ́ àfi ìwé. Nítorí náà ni ọ̀nà tí mo gbà bá wọn sọ̀rọ̀ ṣe yí nǹkan padà. Àwọn tó ń gbé fóònù wọn ní ọ̀yàyà, “A ó pè yín padà, mà” sì dùn lẹ́nu wọn, ṣùgbọ́n wọn kì í pè. Láti ìgbà tí mo ti ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo fún ẹ̀sùn kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀, èsì kì í ju ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́ta lọ.

Bí mo bá fẹ́ fún wọn ní máàkì nínú 10, kíkọ́ ilé yóò gba 8, iṣẹ́ ìparí bíi táìlì àti ọ̀dà yóò gba 6, àtúnṣe lẹ́yìn títà yóò sì gba 3, méjì nínú rẹ̀ sì jẹ́ ti pọ́lọ́ńbà yẹn. N kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni pé kó má rà lọ́wọ́ wọn, ṣùgbọ́n kó mú olùyẹ̀wò tirẹ̀ dání lójú mọ́mọ́ kó tó fọwọ́ sí ìwé kankan.

Ó ku ìlà tó wà lórí fèrèsé. Láàárín oṣù kẹta sí ìkẹjọ, ó gùn sí i ní sẹ̀ǹtímítà 4. Láti oṣù kẹsàn-án, kò tíì kọjá àmì pẹ́ńsù tí mo fà kẹ́yìn. Mo ti ní kí ẹnjinníà wọn fúnra rẹ̀ wá wò ó kí oṣù 12 tó pé, wọ́n sì ti kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pé Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ ni yóò dé. Mo ti sún kọ́bọ́ọ̀dù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri náà.